Èèpo ọta tó ń sán lọ́rùn: ibi tí iná ti wúlò, ibi tí kò gbọdọ̀ dé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, mo ti ń gbé ní Texas láti ọdún mẹ́sàn-án. Mo máa ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín lọ́dọọdún, .308 Winchester sì ni ìbọn mi. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń tún ọta ara mi kì nílé. Èèpo idẹ àádọ́ta, èyí tí ẹ̀tù àti orí ọta ń jókòó sínú rẹ̀, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo yìn wọ́n lẹ́ẹ̀karùn-ún, mọ́kànlá nínú wọn sán lọ́rùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kó ìyókù sínú oven kí idẹ wọn lè rọ̀. Ẹlòmíì ní kí n fi tọ́ọ̀ṣì gáàsì yan wọ́n títí wọ́n á fi pọ́n bí ẹyín iná, kí n wá jù wọ́n sómi. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Mo ń tọ́jú wọn dáadáa o. Pólíìṣì idẹ ni mo fi ń nù wọ́n kí n tó kó wọn pamọ́, wọ́n sì máa ń dán gbinrin.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ṣe kó wọn sínú oven. Mo fẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ yé ọ ná, nítorí ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ yẹn lè ba ojú èèyàn jẹ́. Ti ẹnì kejì sún mọ́ òótọ́ díẹ̀, àmọ́ ibi tí ó ti ṣì í kò kéré. Ọ̀rọ̀ pólíìṣì tí o fi parí ìbéèrè rẹ, bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì, òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó dá ọ lóhùn lónìí.

Mú èèpo ọta kan dání, kí o wò ó. Iṣẹ́ méjì tí kò bára mu ni idẹ kan ṣoṣo yìí ń ṣe. Ọrùn rẹ̀ ló di orí ọta mú. Nígbà tí ẹ̀tù bá sì gbiná, ọrùn yìí àti èjìká rẹ̀ ní láti fẹ̀ kíákíá, kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ihò ìbọn, kí gáàsì má baà rí ọ̀nà sá wá sẹ́yìn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ idẹ tó rọ̀. Ìdí rẹ̀ ńkọ́? Ìdí ló jókòó ti bóòtù ìbọn, ìyẹn irin tó ń dí ẹ̀yìn ihò ìbọn; ìdí yìí kan náà ló gba práímà mọ́ra, ìyẹn fìlà kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, ibẹ̀ sì ni irin ìbọn kò ti bo idẹ náà tán. Ibẹ̀ gbọ́dọ̀ le ni. Ìwọ̀n agbára gáàsì tí SAAMI, àjọ tó ń ṣòfin òṣùwọ̀n ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀ pé .308 Winchester kò gbọdọ̀ kọjá ni 62,000 psi. Táyà mọ́tò tí o ń wà lọ síbi iṣẹ́ kì í sábà ju 35 psi lọ. Fi ìyẹn wé e, kí o sì rántí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn náà nígbà tí o bá ń yìn ín.

Àwọn tó ṣe èèpo yẹn mọ ohun tí mò ń sọ. Idẹ tí wọ́n ń lò jẹ́ bàbà ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, sínkì sì ni ọgbọ̀n tó kù. Pẹlẹbẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gé e; wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ife, wọ́n wá ń fà á gùn díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti le jù láti fà, wọ́n á tún fi iná rọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa bá fífà lọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní líle. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí ni wọ́n á fi iná kan ọrùn àti èjìká nìkan. Bí o bá ti rí èèpo ọta ológun, tàbí ti ilé iṣẹ́ Lapua, wàá ti rí àwọ̀ bíi búlúù tó yí ọrùn rẹ̀ ká. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Àmì iná yẹn ni. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn máa ń nù ún kúrò kó lè dára lójú oníbàárà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n Vickers wọn líle idẹ yìí, èyí tó rọ̀ pátápátá kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 70 lọ, èyí tí wọ́n sì ti fi agbára tẹ̀ gidigidi lè sún mọ́ 200. Idẹ kan náà, èèpo kan náà, síbẹ̀ òkè rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò rí bákan náà. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀mí rẹ dúró lé.

Wàyí o, kí ló dé tí ọrùn fi ń sán? Rántí ẹ̀gbà idẹ tí àwọn ìyá wa ń wọ̀ sọ́wọ́, èyí tó lẹ́nu. Wọ́n á yà á kí ọwọ́ lè wọlé, wọ́n á sì fún un padà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rọrùn láti yà. Bí wọ́n bá ti ń yà á tí wọ́n ń fún un lójoojúmọ́, ó ń le sí i, títí ọjọ́ kan tí á fi là sí méjì láàárín. Kì í ṣe pé idẹ gbó. Inú idẹ kún fún hóró wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí. Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, àwọn ìpele inú hóró kọ̀ọ̀kan ń yọ̀ lórí ara wọn, wọ́n sì ń há mọ́ra. Nígbà tó bá kù díẹ̀, kò sí àyè tí wọ́n tún lè yọ̀ sí mọ́. Bí a bá wá tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, kò ní tẹ̀, sísán ni yóò sán.

Ohun tí o ń ṣe sí ọrùn èèpo rẹ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìbọn fẹ̀ ẹ́. Dáì, irinṣẹ́ tí o fi ń dá èèpo padà sí ìwọ̀n rẹ̀, fún un kọjá ibi tó yẹ. Bọ́ọ̀lù tó wà lórí ọ̀pá àárín dáì náà tún fẹ̀ ẹ́ padà bó ti ń jáde. Nígbà tí o bá ti orí ọta bọ̀ ọ́, ó tún fẹ̀ díẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni o yí i padà kí o tó yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìgbà márùn-ún, kò yà mí lẹ́nu pé mọ́kànlá ti sán.

Iná ló lè tú u sílẹ̀. Bí idẹ bá gbóná tó, àwọn hóró tó ti há mọ́ra yẹn á pòórá, hóró tuntun tí kò tíì tẹ̀ á hù jáde dípò wọn, idẹ á sì rọ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìgbóná àti àkókò ló jọ ń ṣiṣẹ́ náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wàá gbọ́ pé 400 °C ti tó. Ó tó lóòótọ́ bí idẹ bá fi wákàtí kan jókòó sínú rẹ̀. O kò ní wákàtí kan. Láàárín wákàtí kan, gbogbo èèpo náà látòkè délẹ̀ á ti gbóná bákan náà, ìdí á sì ti rọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré ni o ní kí ooru tó sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, nítorí idẹ kì í dá ooru dúró, kíá ló ń gbé e lọ. Kí ọrùn tó lè rọ̀ láàárín irú àkókò kékeré bẹ́ẹ̀, ó ní láti gbóná kọjá 500 °C.

Ìdí nìyẹn tí oven kò fi lè ṣe é láéláé. Oven inú kíṣìnnì kì í sábà ju 260 °C lọ. Kò gbóná tó láti rọ ọrùn bó ṣe yẹ, síbẹ̀ ó ń fún ìdí ní ooru kan náà tó ń fún ọrùn. Ohun tí a sì ń wá ni kí ooru wà lókè kó má sì dé ìsàlẹ̀. Èèpo tí ìdí rẹ̀ bá ti rọ̀, ojú rẹ̀ kò ní yí padà. Á jọ èyí tó dára. Bí o bá wá yìn ín, ibi tí práímà jókòó sí á fẹ̀, tàbí kí ìdí ya, gáàsì gbígbóná á sì gba ẹ̀yìn bóòtù jáde wá bá ojú rẹ. Kò sí oògùn kankan tó ń dá líle ìdí padà. Bí o bá ti yan èyíkéyìí nínú oven rí, tàbí tí o rí i tí àmì iná sọ̀ dé ìsàlẹ̀ èèpo, fi pláyà tẹ ẹ́ pa kí ẹnikẹ́ni má baà tún kì í.

Jẹ́ kí n wá sórí pólíìṣì. Lọ ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀. Bó bá ní amóníà, gbé e kúrò lórí tábìlì rẹ lónìí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Íńdíà, àwọn ọmọ ogun wọn ń kó ọta pamọ́ sí ilé ẹṣin lásìkò òjò. Nígbà tí òjò bá fi máa dá, wọ́n á rí i pé èèpo idẹ ti sán fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yìn ín. Ó rú wọn lójú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1921 ni Moore, Beckinsale àti Mallinson ṣàlàyé rẹ̀: ìtọ̀ ẹṣin ló ń mú amóníà wá, amóníà yẹn àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì ń wọ inú idẹ tó le, tó ṣì ń fa ara rẹ̀ látinú wá, ó ń gba ojú ààlà àwọn hóró kọjá, ó sì ń là á. Ohun mẹ́ta ló ń para pọ̀: idẹ, agbára tó ń fà á látinú wá, àti amóníà. Yọ ọ̀kan kúrò, kò ní sán. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni kí wọ́n fi iná díẹ̀ tú agbára yẹn sílẹ̀ nílé iṣẹ́ kí ọta tó jáde.

Wo tìrẹ báyìí. Ọrùn tó ti le látinú yíyìn márùn-ún, tó ń fún orí ọta mọ́ra tọ̀sán tòru nínú àpótí, tí o sì tún wá fi amóníà nù. Mi ò sọ pé pólíìṣì ló sán gbogbo mọ́kànlá yẹn. Fífẹ̀ àti fífún ló pọ̀ jù nínú ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí o bá rí èyí tó sán nínú àpótí láìyìn, o ti mọ ibi tó ti wá. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọwọ́ lásán ti tó, tàbí kí o dà wọ́n sínú ẹ̀rọ ayíbírí tí wọ́n ń da èèpo àgbàdo gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀ sí. Dídán gbinrin kò mú ọta lọ tààrà.

Ó wá ku bí o ṣe máa ṣe é. Kọ́kọ́ ya èèpo rẹ sọ́tọ̀ ní ilé iṣẹ́ ilé iṣẹ́, kí o wo orúkọ tó wà ní ìdí wọn, nítorí idẹ ilé iṣẹ́ kan nípọn ju ti èkejì lọ, iná tó yẹ ọ̀kan lè pọ̀ jù fún òmíràn. Yọ práímà àtijọ́ kúrò, fọ̀ wọ́n, kí wọ́n gbẹ. Mi ò rò pé ó yẹ kí n sọ pé ọta tó ṣì ní ẹ̀tù tàbí práímà tí kò tíì yìn kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Kó ẹ̀tù àti práímà rẹ jáde kúrò nínú yàrá náà pátápátá kí o tó ṣáná. Ṣí fèrèsé.

Wá ṣọ́kẹ́ẹ̀tì irin, irú èyí tí mẹ́káníìkì fi ń tú nọ́ọ̀tì, tí èèpo lè jókòó sínú rẹ̀ láìhá, tó sì jìn tó láti bo ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí o fi dírìlì yí i jẹ́ẹ́jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ máa yí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀gbẹ́ kan á rọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì á le, ọrùn á sì máa fa orí ọta sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tọ́ọ̀ṣì gáàsì propane lásán ti tó. Ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká ni kí ẹnu ọwọ́ iná búlúù kékeré inú yẹn kàn, má ṣe kọjú rẹ̀ sí ara èèpo.

Pa iná gáréèjì. Èyí ṣe pàtàkì ju bí o ti rò lọ. Nǹkan bí 525 °C ni ohun tó gbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n tí ojú èèyàn lè rí i, nínú òkùnkùn nìkan sì ni. Lọ́sàn-án, ìgbà tí o bá fi máa rí pupa, ó ti kọjá ibẹ̀ jìnnà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, ìta ni mo dúró sí nínú oòrùn, mo ń retí pupa. Ogún èèpo tuntun ni mo bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo ti orí ọta bọ̀ wọ́n, kò sí èyí tó dì í mú. Ìka lásán ni mo fi ń ti orí ọta wọlé. Ó dùn mí gan-an, torí pé owó oṣù ni mo fi rà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ẹni tó ní kí o yan wọ́n bí ẹyín iná sọ àsọdùn. Bó o bá sì tún kọjá ìyẹn, sínkì á bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ sílẹ̀ bí èéfín. 907 °C ni sínkì ń hó, idẹ fúnra rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní nǹkan bí 915 °C. Ẹni tó bá fa èéfín sínkì símú lè fi ibà àti òtútù sun mọ́jú.

Nínú òkùnkùn, wo ẹnu èèpo. Ní kété tí o bá rí àmì pupa ṣíṣókùnkùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yọ, dà á jáde kúrò lójú iná. Má dúró kó mọ́lẹ̀. Fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwọn mọ́kànlá tó ti sán yẹn kọ́ ọwọ́ rẹ, kí o máa ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tó gbà. Pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tèmi, .308 máa ń gba bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ, ṣùgbọ́n má gba iye tèmi. Tọ́ọ̀ṣì rẹ, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ àti èèpo rẹ ni yóò sọ iye fún ọ. Nígbà tí o bá ti rí iye náà, iye kan náà ni kí o lò fún gbogbo wọn.

Kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ nípa ìdí, ra ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní Tempilaq, èyí tó ń yọ́ ní 450 °F, ìyẹn nǹkan bí 232 °C. Fi í kun ara èèpo láti abẹ́ èjìká lọ sísàlẹ̀. Bí ọ̀dà náà bá yọ́ díẹ̀ lábẹ́ èjìká, kò burú. Bó bá yọ́ dé ìdajì ìsàlẹ̀, o ti pẹ́ jù lórí iná. Má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ búlúù tó bá hàn lẹ́yìn tó tutù. Ojú idẹ nìkan ni àwọ̀ yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Fi pláyà fún ẹnu ọ̀kan nínú àwọn tí o fi kọ́ṣẹ́ díẹ̀, kí o tú u sílẹ̀. Bó bá ta padà díẹ̀díẹ̀, ó dára. Bó bá dúró síbi tí o fún un sí bí ewé tútù, ó ti rọ̀ jù.

Ti omi ńkọ́? Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Gbogbo wa la ti rí alágbẹ̀dẹ tó ń fi ẹmú mú àdá gbígbóná bọ inú omi, tó ń dún ṣàà, a sì mọ̀ pé omi yẹn ló ń mú kí ẹnu àdá le. Irin tó ní èédú nínú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Idẹ kò gbọ́ èdè yẹn. Yálà o jù ú sómi tàbí o jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ lórí pákó, rírọ̀ kan náà ni yóò rọ̀. Àǹfààní kan tí omi ní ni pé ó ń dá ooru dúró kó má rìn lọ sísàlẹ̀, bí o bá sì ti lo àkókò tó yẹ, o kò nílò ìyẹn. Èmi kì í lò ó, nítorí mo kórìíra kí n tún máa sá èèpo tútù sóòrùn.

Àwọn kan ní ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ṣe é láìsí ọwọ́ iná rárá, irú èyí tí ilé iṣẹ́ AMP ń ṣe ní New Zealand. Ó dára púpọ̀, ó sì wọ́n. Ẹni tó ń yin ọta àgbọ̀nrín díẹ̀ lọ́dún kò nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn iná ni kí o tó ti èèpo bọ dáì. Wàá rí nǹkan kan tí inú rẹ á dùn sí. Idẹ tó le máa ń ta padà lẹ́yìn tí dáì bá fún un, kì í sì í ta padà bákan náà. Ọ̀kan á di orí ọta mú pinpin, òmíràn á dì í mú jẹ́ẹ́jẹ́, ibi tí ọta ń bà á sì máa tú káàkiri lórí pátákó. Nígbà tí gbogbo ọrùn bá rọ̀ bákan náà, wọ́n á di orí ọta mú bákan náà. Èyí nìkan ti tó fún ọ̀pọ̀ ayìnbọn láti máa ṣe é lẹ́yìn gbogbo yíyìn. Èmi máa ń ṣe é lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta mẹ́ta. Ohun yòówù kí o yàn, kí gbogbo èèpo inú àpótí kan jọ gba iná lọ́jọ́ kan náà.

Àìsàn kan wà tí iná kò lè wò, mo sì fẹ́ kí o yẹ̀ ẹ́ wò lára àwọn mọ́kàndínlógójì tó kù kí o tó ṣáná rárá. Tọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tẹ ẹnu rẹ̀ díẹ̀ bí ìwọ̀, ti ẹnu náà bọ inú èèpo, kí o fi máa ra ògiri inú rẹ̀ láti ìdí wá sókè. Bó bá kọ́ nǹkan bíi kòtò tó yí ká nítòsí ìdí, tàbí tí o rí ìlà dídán tó yí ara rẹ̀ po níta ní ibẹ̀, ògiri ibẹ̀ ti tín-ín-rín, yóò já sínú ìbọn lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe líle ló fà á. O ń ti èjìká sẹ́yìn jù nínú dáì ni, èèpo sì ń nà láti dí àyè náà ní gbogbo ìgbà tí o bá yìn ín. Nínú ìbọn oníbóòtù, kí èjìká padà sẹ́yìn ní ìwọ̀n 0.002 íǹṣì ti tó. Wọn gígùn wọn náà: .308 kò gbọdọ̀ ju 2.015 íǹṣì lọ, 2.005 la máa ń gé e sí.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ní kí o gba ìwé àṣẹ bó bá jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ ni o ń kì í fún, ṣùgbọ́n bí o bá ń kì í tà fún àwọn ará ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ọdẹ, ìwé àṣẹ di dandan. Bí o bá sì ń ronú àtikó irinṣẹ́ yìí lọ sílé, má ṣe é: òfin Nàìjíríà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa ṣe ọta nílé.

Àwọn mọ́kànlá tó sán, lẹ́yìn tí o bá ti fi díẹ̀ kọ́ṣẹ́, tẹ̀ wọ́n pa kí o kó wọn fún àwọn tó ń ra idẹ àlòkù. Iná kì í so ibi tó ti sán pọ̀. Mọ́kàndínlógójì tó bá yege lábẹ́ wáyà, fọ amóníà kúrò lára wọn, fi iná kàn wọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí o kò bá sáré, kí o sì kọ ọjọ́ náà àti iye ìgbà tí o ti yìn wọ́n sára àpótí wọn. Lẹ́yìn tí o bá ti yìn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, kọ̀wé sí mi, kí o sọ iye tó sán.